Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Eré Ìmárale àti Ìdánrawò Ọjọ́ Pàjáwìrì

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù yìí láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn dá lórí eré ìmárale, ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: ọ̀kan sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan sọ ti òkè pípọ́n, òmíràn sọ ti iná ní ilé-ẹ̀kọ́. A pa wọ́n pọ̀ nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí gbogbo wọn, èyíinì ni pé irú ìdánrawò wo ni yóò wúlò fún ènìyàn ní ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a sì yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Dókítà tí ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní kí n máa ṣe eré ìmárale, ọ̀rọ̀ náà sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé orí ìdúró ni mo ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi a sì ti wú kí n tó délé. Ṣé iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí kò tó eré ìmárale ni? (Ìyá aláṣọ, Àkúrẹ́)

Màmá, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ ni ẹ ń ṣe lóòótọ́, ó sì ń rẹ̀ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń rẹ ènìyàn ni ó ń mú ọkàn rẹ̀ le. Ohun tí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ ni kí ẹsẹ̀ máa gbéra kí ó máa sọ̀, kí èémí yá ju ti ìjókòó lọ, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó dúró sójú kan nínú ìsọ̀ kì í rí èyí. Ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ tí ó ń pọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó wà lára ohun tí ó ń mú ẹsẹ̀ yín wú. Síbẹ̀, ẹ sọ ti ẹsẹ̀ wíwú yìí fún dókítà yín, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí òun náà máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú.

Ní ọdún 1953, dókítà kan tí ó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ jọ ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ jókòó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ ọ́ padà, kí ó lè gba owó lọ́wọ́ àwọn èrò. Ìwádìí náà fi hàn pé àrùn ọkàn pọ̀ lára àwọn awakọ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. (Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí, bí ẹ kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà sí wa.)

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ lórí ìgbòkègbodò tí ó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 lórí èyí tí ó le, kí ó sì máa ṣe ohun tí yóò mú iṣan ara le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ èyí tí ó mọ níwọ̀n ni pé ẹ ó lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè kọrin. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rin ìṣẹ́jú 15 nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ọjà, tí ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú takisí kí ẹ tó délé kí ẹ lè rin ìṣẹ́jú 15 mìíràn ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ti pé 150. Èmi kò rí ìdí tí oníṣòwò yóò fi máa sanwó fún jíìmù nígbà tí ọ̀nà ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ti iṣan, ìdì aṣọ tí ẹ ń gbé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú bí ẹ bá ń gbé e, nítorí pé èyí máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Ẹ máa mí síta bí ẹ ti ń gbé e dìde. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ń rìn dá oògùn yín dúró láìjẹ́ pé dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ni mí. Àwa ọ̀dọ́ ìjọ wa fẹ́ gun Òkè Ìdànrè ní oṣù tí ń bọ̀. Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti gun òkè náà rí ní itan yóò dùn mí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni mo lè ṣe sí i, sà?

Àbúrò, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ni yóò fa ìrora yẹn ju gígùn lọ. Àtẹ̀gùn tí ó wà níbẹ̀ lé ní 600. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, iṣan iwájú itan ń nà bí ó ti ń di ara mú kí ó má baà já lulẹ̀, irú iṣẹ́ yìí sì máa ń dá egbò kéékèèké sínú iṣan tí kò bá mọ́ lára. Ìrora náà kì í dé lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta ni ó máa ń le jù. Bọ́ọ̀lù ti ṣe èémí rẹ lóore, ṣùgbọ́n kò kọ́ itan rẹ ní iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Ìdànrè àtijọ́ tí wọ́n fi orí òkè náà ṣe ilé kò lè ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé wọ́n ń gun un, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú ọgbà yunifásítì yín, máa gùn ún kí o sì máa rọra sọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí di ọjọ́ náà, má sì máa fo àtẹ̀gùn bí o bá ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbéra kí oòrùn tó mú, kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀, kí ẹ sì sún un síwájú bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé àpáta tí omi dà sí kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní ìlú Oǹdó, ẹni ọdún 71. Mo máa ń rìn yípo àdúgbò wa ní ìdájí, síbẹ̀ mo ṣubú nígbà méjì ní ọdún yìí, èyí ìkẹyìn sì jẹ́ ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n jáwọ́ nínú ìrìn náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Bàbá, ẹ kú ewu. Ẹ má ṣe jáwọ́. Ara tí kì í rìn ni ó máa ń ṣubú jù. Àmọ́ ẹni tí ó bá ṣubú nígbà méjì láàárín ọdún kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, kí wọ́n sì wo àwọn oògùn tí ó ń lò, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn oorun lè mú òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde lójijì. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé pọ̀ sínú àpò kan, títí kan àgbo, kí ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ eré ìmárale kàn. Ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́ pẹrẹsẹ dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ́ ara ní ohunkóhun nípa bí a ti í gba ara ẹni mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 máa ṣe eré tí ó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin, pẹ̀lú èyí tí ó ń fún iṣan lágbára, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé àga tí ó le ti ògiri, ẹ jókòó, kí ẹ sì dìde láì fi ọwọ́ ti ara. Tí èyí bá nira, ẹ fi ọwọ́ kan tì í ní àkọ́kọ́. Ẹ di etí tábìlì mú, kí ẹ fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ẹ ó rí i pé ìka kan péré ni ẹ fi ń kan tábìlì náà. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ, rìn bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí ọmọ kan wà nítòsí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dán wò, tí mo sì kà sí pàtàkì ju ti àga lọ: ẹ kọ́ bí a ti í dìde nílẹ̀. Kí ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní nígbà tí ara yín le, kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé ara lé ọwọ́ àti orúnkún, kí ẹ rá lọ sí ìdí àga, kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, kí ẹ wá gbé ara sókè díẹ̀díẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá ṣubú tí kò mọ ọ̀nà yìí lè wà nílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìjẹ́ pé egungun kankan ṣẹ́. Ní ti balùwẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀, kí iná sì máa wà níbẹ̀ ní òru.

Olórí olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni ilé wa. Ní sáà tí ó kọjá, a ṣe ìdánrawò iná. A kéde rẹ̀ ní àpéjọ àárọ̀, a lu agogo ní aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ tò jáde lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ya fọ́tò, inú rẹ̀ sì dùn. Olùkọ́ kan wá sọ pé eré ọmọdé ni a ṣe. Àwọn òbí kan náà ń ráhùn pé a ń dẹ́rù ba ọmọ àwọn. Ọ̀nà wo ni ó tọ́?

Ọ̀gá, olùkọ́ yín tí ó sọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má kábàámọ̀ ohun tí ẹ ṣe. Ìdánrawò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kéde, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà kí a tó dán an wò bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé kí a dúró sí ti àkọ́kọ́ yẹn, kí a máa tún un ṣe lọ́dọọdún ní aago mẹ́wàá, kí a sì máa ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1958, iná ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ 92 àti sístà ìjọ Kátólíìkì 3 tí ó ń kọ́ wọn ni ó kú. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò ṣe ìdánrawò iná rí. Wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà jáde gan-an ni èéfín gbígbóná kún, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn tí ó wà ní àjà òkè yóò fi mọ̀, fèrèsé nìkan ni ó kù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, nínú ìdánrawò yín tí ó kàn, ẹ dí ọ̀nà kan. Kí olùkọ́ kan dúró sí ẹnu àtẹ̀gùn tí gbogbo wọn mọ̀, kí ó gbé páálí tí a kọ INÁ sí dání, kí ẹ wá wo ohun tí àwọn kíláàsì òkè yóò ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dúró tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó kọ́ wọn.

Àpẹẹrẹ kejì dùn-ún gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí òkun ya lu etíkun Japan lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Kamaishi sáré jáde, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi àkójọ tí wọ́n ti máa ń lò fún ìdánrawò, wọ́n rí i pé ibẹ̀ kò láàbò tó. Àwọn àgbà inú wọn fa àwọn kéékèèké lọ́wọ́, wọ́n sì tún sáré lọ sí ibi tí ó ga jù ú lọ. Omi gba ibi àkójọ àkọ́kọ́ yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀. A ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba yà láti fi ibi tí omi lè dé hàn, kí wọ́n máa wo ohun tí ó wà níwájú wọn.

Ní Àkúrẹ́ níbí, irin ojú fèrèsé àti kọ́kọ́rọ́ géètì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Nítorí olè ni a ṣe fi irin dí gbogbo fèrèsé, nítorí kí ọmọ má baà sá jáde ni a sì ṣe ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Ní ọjọ́ iná, ohun tí ó dí olè ni yóò dí ọmọ. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń ṣọ́ géètì bá lọ jẹun? Ṣé irin kan wà lójú fèrèsé òkè tí ó ṣeé ṣí láti inú? Ẹ ṣe ìdánrawò kan ní àkókò oúnjẹ, ọ̀kan nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, kí ẹ sì fi ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa sí ọkàn: olùkọ́ wo gan-an ni yóò mú un jáde? Ẹ mú ọmọ kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀, jókòó sí ọ́fíìsì yín láìsọ fún olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, kí ẹ wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kù. Bí wọn kò bá pe rẹ́jísítà ní pápá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kí ẹ máa kọ ìṣẹ́jú tí ó gbà yín sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn òbí tí ó ń ráhùn náà ní ẹ̀tọ́. Ẹ má ṣe dáná gidi, ẹ má ṣe pariwo ẹ̀tàn, ẹ má sì sọ fún ọmọ kankan pé òótọ́ ni nígbà tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ lè fi ọjọ́ pamọ́ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí òbí ṣáájú, kí àwọn olùkọ́ sì máa sọ ọ́ ketekete bí agogo bá ti dún pé ìdánrawò ni. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà jù lè wọ abẹ́ tábìlì lọ, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Kí wọ́n fi àpò sílẹ̀. Kí wọ́n rá lọ nílẹ̀ bí èéfín bá wà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni atẹ́gùn tí ó ṣeé mí kù sí. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí ó wà ní títì kí wọ́n tó ṣí i, bí ó bá gbóná kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn, kí ẹni ìkẹyìn sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tí iná bá ran aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó dúró, kí ó wólẹ̀, kí ó yí gbiri. Àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti di ẹ̀rọ apaná pupa yẹn mú rí: kí wọ́n yọ pín-ìn-nì rẹ̀, kí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, kì í ṣe sí ọwọ́ iná, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Èyí tí ó kéré nínú wọn kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó tán, nítorí náà iná kékeré nìkan ni ó wà fún. Ẹ pe àwọn panápaná ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n wá wo ilé náà kí ọyẹ́ tó dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan ni mí ní Alágbàká ní Àkúrẹ́. A máa ń sáré ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, púpọ̀ nínú wa sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn kan ní kí a wá dókítà tí yóò máa bá wa sáré. Ṣé ó pọn dandan?

Bí ẹ bá rí i, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ẹ̀mí ẹgbẹ́ mọ́ ẹnì kan tí ó lè ṣàìwá. Kí gbogbo yín kọ́ bí a ti í tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ni ó dára jù. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò mí bí ó ti yẹ, tàbí tí ó ń mí gẹ́ẹ́gẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń hanrun, kí ẹnì kan pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹlòmíràn gbé ìpìlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó máa jẹ́ kí àyà náà padà sókè kí ó tó tún un tẹ̀. Ó máa ń rẹ ènìyàn kíákíá, nítorí náà kí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Omi dídà sórí àti ṣíbí kíkì bọ ẹnu kò ṣe nǹkan kan bí kò ṣe pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Kí físíò (oníṣègùn tí ń fi eré ìmárale tọ́jú ara) tàbí nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ yín lórí ọmọlangidi, lẹ́yìn náà kí ẹ dán an wò ní òpópónà gan-an tí ẹ ti ń sáré: ta ni fóònù wà lápò rẹ̀, ọkọ̀ ta ni ó wà nítòsí, ilé ìwòsàn wo ni ó ń ṣí ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé? Ẹni tí àyà bá ń fún, tàbí tí èémí rẹ̀ ń kù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní Ìkàrẹ́-Àkókó. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ máa ń dákú lórí pápá. Kí ni kí ó ṣe? (Ìyá ọmọ, Oǹdó)

Ìdúró gbagidi nínú oòrùn ni ó máa ń fà á jù. Bí iṣan ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a pọ̀ sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó ń dé ọpọlọ a sì dín kù. Kí ó jẹun díẹ̀ kí ó mu omi kí ó tó jáde ní ìdájí, kí ó má ṣe ti orúnkún sẹ́yìn pátápátá, kí ó máa fún iṣan ẹsẹ̀ pọ̀ kí ó máa tú u nínú bàtà láìjẹ́ kí sójà rí i. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, kí ó jókòó sílẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àgọ́ náà, nítorí náà bí ó bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn mìíràn, kí ó gbé oògùn rẹ̀ dání kí ó sì sọ fún àwọn oníṣègùn àgọ́ ní ọjọ́ tí ó bá dé. Kí ó má sì jẹ́ pé bàtà tuntun ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ níbẹ̀. Ẹ ra kánfáàsì kan fún un báyìí, kí ó máa wọ̀ ọ́ rìn káàkiri Oǹdó kí ọjọ́ ìrìnnà tó pé.